Ẹ Béèrè Kí Ẹ Tó Bá Sójà Ṣeré Ogun

Ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ kí a jọ gbé yẹ̀wò. Ó lè kan ẹnikẹ́ni nínú wa tó ń gbé ní Amẹ́ríkà, ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tàbí ní Jámánì. Bí kò bá kan ìwọ fúnra rẹ, ó lè kan ọmọ rẹ tàbí àbúrò rẹ tó wà níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká ní ẹnìkan pè yín lórí fóònù, ó ní: "Iṣẹ́ kan wà, kò le rárá. Ẹ ó wọ aṣọ tí wọ́n bá fún yín, ẹ ó jókòó ní abúlé kan tí kì í ṣe abúlé. Ẹ ó máa tajà ní ọjà kan tí kì í ṣe ọjà. Tí àwọn sójà bá dé, ẹ ó pariwo, ẹ ó sunkún, ẹ ó bẹ̀bẹ̀. Tí wọ́n bá ní ẹ ti kú, ẹ ó dùbúlẹ̀. Tí wọ́n bá parí, ẹ ó dìde, ẹ ó gbọn eruku ara yín nù, ẹ ó lọ jẹun." Àwọn kan ń gba owó fún iṣẹ́ yìí. Àwọn mìíràn ń yọ̀ǹda ara wọn lọ́fẹ̀ẹ́, nítorí wọ́n fẹ́ràn àwọn ọmọ ogun ìlú wọn, tàbí nítorí pé ó ń dá wọn lára yá.

Kí ni ẹ ó fi dá ẹni náà lóhùn? Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú wa yóò sọ pé, "Eré lásán ni, kí ló burú níbẹ̀?" Èrò tèmi ni pé kì í ṣe eré lásán. Ẹni tó bá fẹ́ lọ, kó má lọ láìbéèrè. Bí wọn kò bá sì dá a lóhùn bó ṣe yẹ, kó jókòó sílé rẹ̀. Ẹ fara balẹ̀ kí n ṣàlàyé.

IRÚ IṢẸ́ WO NI?

Nínú aṣálẹ̀ Mojave ní ìpínlẹ̀ California ni Fort Irwin wà. Ibẹ̀ ni àwọn ọmọ ogun orí ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti ń ṣe ìdánrawò ńlá kí wọ́n tó lọ sójú ogun. Nígbà tí Amẹ́ríkà wọ Iraq lọ́dún 2003, wọ́n kọ́ àwọn abúlé tó jọ ti Iraq sínú aṣálẹ̀ náà. Ọ̀kan nínú wọn ń jẹ́ Medina Wasl nígbà náà. Ó ní mọ́ṣáláṣí, ó ní ọjà, ó sì ní olórí ìlú. Púpọ̀ nínú àwọn tó ń ṣe ará ìlú níbẹ̀ nígbà náà jẹ́ ọmọ Iraq gan-an tí wọ́n ti ṣí wá sí Amẹ́ríkà. Àwọn Kristẹni wà láàárín wọn tí wọ́n ń kó ipa Mùsùlùmí. Fíìmù kan tí wọ́n ń pè ní Full Battle Rattle jáde nípa abúlé yìí lọ́dún 2008, ẹni tó bá rí i kò ní tètè gbàgbé rẹ̀.

Báwo ni wọ́n ṣe ń ṣe é? Ìbọn tí sójà gbé dání ń dún, ṣùgbọ́n kò ní ọta nínú. Wọ́n so ẹ̀rọ kan mọ́ ọn tó ń yọ iná lésà tí ojú kò rí. Àwọn tó wà nínú ìjà wọ ohun kan sára tó ń dún fíì-fíì nígbà tí iná náà bá kàn wọ́n. Nípa bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń mọ ẹni tó "kú" àti ẹni tó "fara gbọgbẹ́". Wọ́n ń kọ irú ọgbẹ́ tí ẹni náà ní sínú káàdì, kí àwọn tó ń tọ́jú aláìsàn lè ṣiṣẹ́ lórí rẹ̀. Wọ́n a máa da ohun pupa bí ẹ̀jẹ̀ sára ènìyàn. Wọ́n tilẹ̀ ń gba àwọn tí ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀ wọn ti gé lóòótọ́ síṣẹ́, kí sójà lè rí bó ṣe rí kí bọ́ǹbù já ẹsẹ̀ ènìyàn.

Kì í ṣe California nìkan. Ní Hohenfels ní Jámánì, Amẹ́ríkà ní irú ibùdó bẹ́ẹ̀, wọ́n sì ń kó àwọn tó ń gbé Jámánì jọ láti wá ṣe ará abúlé fún ọ̀pọ̀ ọjọ́. Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àwọn ológun kọ́ abúlé kan sí Copehill Down, lórí pẹ̀tẹ́lẹ̀ Salisbury, ní nǹkan bí ọdún 1988. Nígbà náà, wọ́n ṣe é kó jọ abúlé Jámánì, torí Jámánì ni wọ́n rò pé ogun yóò ti bẹ́. Lónìí, orúkọ orílẹ̀-èdè àròsọ, irú bí Atropia, ni àwọn ológun Amẹ́ríkà sábà máa ń lò dípò orúkọ ilẹ̀ tó wà lóòótọ́. Orúkọ ti yí, ṣùgbọ́n ará ìlú ṣì wà nínú eré náà, a sì ń wá ẹni tí yóò ṣe é.

OHUN TÓ BÍ I

Ọjọ́ ti pẹ́ tí sójà ti ń kọ́ ogun ojúlé dé ojúlé. Ṣùgbọ́n ohun kan ṣẹlẹ̀ ní Mogadishu, olú ìlú Somalia, ní ọjọ́ 3 àti ọjọ́ 4 oṣù October ọdún 1993. Àwọn sójà Amẹ́ríkà há sáàárín ìlú, ìjà sì gba gbogbo òpópónà. Sójà Amẹ́ríkà 18 ló kú nínú ìjà náà. Àwọn ọmọ Somalia tó kú jẹ́ ọgọ́rọ̀ọ̀rún, obìnrin àti ọmọdé sì wà nínú wọn. Láti ìgbà náà ni àwọn ọ̀gá ológun ti ń sọ pé inú ìlú ni ogun tó ń bọ̀ yóò ti wáyé, kì í ṣe inú igbó.

Ọ̀gágun Charles Krulak, tó jẹ́ olórí àwọn Marine nígbà náà, ṣe àpèjúwe kan tó gbajúmọ̀. Ó ní sójà lè máa pín oúnjẹ fún ogunléndé ní òpópónà kan, kó máa la ìjà ní òpópónà kejì, kí ogun gbígbóná sì wà ní òpópónà kẹta, ní ọjọ́ kan ṣoṣo. Ní March ọdún 1999, àwọn Marine wá sí ìlú Oakland ní California láti dán èyí wò. Wọ́n pe ìdánrawò náà ní Urban Warrior. Jerry Brown tó jẹ́ olórí ìlú gbà wọ́n láàyè, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú kan jáde láti fi ẹ̀hónú hàn pé àwọn kò fẹ́ kí a sọ ìlú àwọn di pápá ogun.

Ẹ mọ ibi tí wọ́n ti ṣe é? Ilé ìwòsàn Oak Knoll ni, èyí tí àwọn ológun ojú omi ti pa tì lọ́dún 1996. Ẹ tún gbọ́ òmíràn. Ní ìpínlẹ̀ Indiana, ibùdó kan wà tó ń jẹ́ Muscatatuck. Lọ́dún 1920 ni ìjọba dá a sílẹ̀ fún àwọn ọ̀dọ́ tí ọpọlọ wọn kò pé. Wọ́n tì í lọ́dún 2005, ó sì di ìlú ìdánrawò ogun. Ilé tí a kọ́ fún aláìsàn, ilé tí a kọ́ fún aláìlera, àwọn ni wọ́n di ibi tí sójà ti ń kọ́ bí a ṣe ń fọ́ ilẹ̀kùn wọlé. N kò sọ pé ẹnìkan mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é láti fi wọ́n ṣe ẹlẹ́yà. Àwọn ilé náà ṣófo ni. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní ojú àánú yóò rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

OHUN RERE TÓ WÀ NÍBẸ̀

Kí a má purọ́, ohun rere wà nínú ìdánrawò yìí. Ẹ ro ti ọmọkùnrin ọlọ́dún 19 kan tí kò tíì kúrò ní abúlé bàbá rẹ̀ rí. Wọ́n fún un ní ìbọn, wọ́n gbé e lọ sí ìlú tí kò gbọ́ èdè wọn. Ọkọ̀ kan ń bọ̀ níwájú. Ó gbé ìkúùkù sókè, èyí tó túmọ̀ sí "dúró" láàárín àwọn sójà. Awakọ̀ náà kò mọ̀ bẹ́ẹ̀, kò sì dúró. Bàbá, ìyá àti ọmọ ló wà nínú ọkọ̀ náà. Irú àṣìṣe báyìí pa ọ̀pọ̀ ìdílé ní Iraq lẹ́yìn ọdún 2003. Ṣé kò sàn kí ọmọkùnrin yẹn kọ́kọ́ ṣe àṣìṣe náà níwájú ẹni tí yóò dìde sọ fún un pé, "O ti pa mí, n kò sì ṣe ọ́ ní nǹkan kan"?

Àwa ọmọ Nàìjíríà mọ ohun tí a ń sọ. A rántí Odi ní ìpínlẹ̀ Bayelsa ní November ọdún 1999, nígbà tí sójà wọ ìlú tí wọ́n sì sọ ọ́ di ahoro. A rántí ẹnu ibodè Lekki ní alẹ́ ọjọ́ 20 oṣù October ọdún 2020, nígbà tí sójà dojú ìbọn kọ àwọn ọ̀dọ́ tó gbé àsíá lọ́wọ́. Ta ni nínú wa tí kò ní fẹ́ kí ẹnìkan ti kọ́ àwọn sójà wọ̀nyẹn pé ará ìlú kì í ṣe ọ̀tá? Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Bí ẹnìkan bá lọ sínú eré náà láti dúró fún ìyá tí kò ní alágbàwí, n kò ní dá a lẹ́bi.

OHUN TÓ Ń KỌ MÍ LÓMINÚ

Ṣùgbọ́n ohun mẹ́rin ń kọ mí lóminú.

Èkíní, ta ló kọ eré náà? Kì í ṣe ẹ̀yin. Àwọn ológun ló ń pinnu bóyá obìnrin tó ń ta búrẹ́dì jẹ́ obìnrin tó ń ta búrẹ́dì lóòótọ́, tàbí ó ní bọ́ǹbù lábẹ́ aṣọ. Bí ó bá jẹ́ pé nígbàkígbà tí obìnrin kan bá sún mọ́ sójà nínú eré, bọ́ǹbù ló ń yọ, kí ni ọwọ́ sójà yẹn yóò kọ́? Ọwọ́ rẹ̀ yóò kọ́ pé kó tètè yìnbọn. Ẹ̀yin rò pé ẹ lọ kọ́ ọ láti dá ẹ̀mí sí, láìmọ̀ pé ojú yín ni wọ́n fi kọ́ ọ láti máa fura sí gbogbo ẹni tó bá jọ yín. Ojú kan náà, aṣọ kan náà, ẹkún kan náà lè kọ́ ènìyàn ní àánú, ó sì lè kọ́ ọ ní ìbẹ̀rù. Ohun tí eré náà fẹ́ ló ń sọ èyí tí yóò jẹ́.

Èkejì, òkú ìdánrawò ń dìde, òkú ogun kì í dìde. Ẹni tó "kú" láàárọ̀ yóò tún "kú" lọ́sàn-án, yóò sì jẹun alẹ́. Bí ènìyàn bá ń rí i lójoojúmọ́ pé òkú ń dìde, ikú lè di ohun yẹpẹrẹ lójú rẹ̀. Sójà tó mọ iṣẹ́ rẹ̀ lè sọ pé òun mọ ìyàtọ̀, mo sì gbà fún un. Ṣùgbọ́n kí ni ti ọmọ wa ọlọ́dún 15 tó bá wa lọ wòran?

Ẹ̀kẹta, ta ni wọ́n ń rí yá? Ẹni tó ní iṣẹ́ gidi lọ́wọ́ kò ṣáà ní fi ilé sílẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ méjì tàbí mẹ́ta láti lọ sùn sí aṣálẹ̀. Ẹni tó sá ogun, tó dé ilẹ̀ àjèjì, tí kò tíì rí iṣẹ́ tó dára, òun ni èdè rẹ̀ àti ojú rẹ̀ wúlò fún wọn jù. Ìbọn tó sá fún nílé, òun náà ló tún padà wá ń gbọ́ nítorí àtijẹ. N kò bú ẹni tí ebi lé débẹ̀. Ebi kì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ó yẹ kí àwa ìjọ bi ara wa léèrè ìdí tó fi jẹ́ pé iṣẹ́ tó rọrùn jù láti rí fún ẹni tí ogun lé ni pé kó padà wá máa kú nínú eré ogun.

Ẹ̀kẹrin, eré a máa ṣèèṣì di òótọ́. Ní North Carolina, àwọn ọmọ ogun àkànṣe Amẹ́ríkà ní ìdánrawò kan tí wọ́n ń pè ní Robin Sage. Kì í ṣe ogun ìgboro gan-an, ogun abẹ́lẹ̀ ni, ṣùgbọ́n àárín àwọn ará ìlú ni wọ́n ti ń ṣe é, ọ̀pọ̀ ará agbègbè náà ló sì ń yọ̀ǹda ara wọn láti kópa. Wọ́n ń ṣe bí ẹni pé orílẹ̀-èdè kan tó ń jẹ́ Pineland ni gbogbo ibẹ̀. Ní February ọdún 2002, igbákejì ọlọ́pàá agbègbè kan dá ọkọ̀ kan dúró. Sójà méjì àti ará ìlú kan tó yọ̀ǹda ara rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Àwọn sójà rò pé ọlọ́pàá náà wà nínú eré. Ọlọ́pàá náà kò mọ̀ pé eré kankan ń lọ. Ó yìnbọn. Sójà kan kú, èkejì fara gbọgbẹ́. Èyí tó kú kò dìde ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà. Lónìí, àwọn ológun a máa kéde fún ará agbègbè àti ọlọ́pàá kí ìdánrawò náà tó bẹ̀rẹ̀. Ó dára bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀mí kan ti lọ.

Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn kan kún un nípa ohun tí a bá yá ogun. Abúlé kan wà ní pẹ̀tẹ́lẹ̀ Salisbury kan náà tí mo dárúkọ lókè, Imber ni orúkọ rẹ̀. Ní November ọdún 1943, ìjọba pe àwọn ará abúlé náà jọ, wọ́n ní kí wọ́n kó jáde kí Kérésìmesì tó dé, kí àwọn sójà Amẹ́ríkà lè máa kọ́ ìjà ìgboro nínú ilé wọn. Bí 150 ènìyàn ni wọ́n. Wọ́n jáde, ọ̀pọ̀ wọn sì gbà pé àwọn yóò padà nígbà tí ogun bá parí. Ogun parí lọ́dún 1945. A kò dá abúlé náà padà fún wọn títí di òní olónìí. Ṣọ́ọ̀ṣì wọn ṣì dúró síbẹ̀, ọjọ́ díẹ̀ ni wọ́n ń ṣí i fún aráàlú lọ́dún. Ohun tí a yá ogun, ogun kì í tètè dá a padà.

ÌBÉÈRÈ MẸ́RIN TÓ YẸ KÍ Ẹ BÉÈRÈ

Nítorí náà, ẹ̀yin ará, bí wọ́n bá pè yín, ẹ bi wọ́n ní ìbéèrè mẹ́rin yìí kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.

Àkọ́kọ́: Ta ni mo fẹ́ ṣe, kí sì ni ẹ fẹ́ kí sójà kọ́ lára mi? Bí èsì bá jẹ́ pé kó kọ́ láti mọ ẹni tí kò yẹ kó pa, ẹ lè tẹ̀ síwájú. Bí èsì bá jẹ́ pé, "Ṣe ohun tí a bá ní kí o ṣe," ẹ dúró.

Èkejì: Ṣé ẹnìkan yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ mi nígbà tí eré bá parí? Lẹ́yìn ìdánrawò, àwọn ológun a máa jókòó láti yẹ ohun tí wọ́n ṣe wò. Ṣé ẹni tó ṣe ìyá ọmọ yóò lè sọ níbẹ̀ pé, "Mo gbé ọwọ́ sókè, ẹ kò wò mí"? Bí òkú kò bá ní ẹnu láti sọ̀rọ̀ lẹ́yìn eré, kí ni a wá ṣe níbẹ̀?

Ẹ̀kẹta: Ta ló gbà mí síṣẹ́, ta ni yóò sì tọ́jú mi bí mo bá ṣubú, tí etí mi dí, tàbí tí oorun kò wá mọ́? Nígbà púpọ̀, agbaṣẹ́ṣe ló ń gba ènìyàn, kì í ṣe àwọn ológun fúnra wọn. Ẹ rí i lórí ìwé. Ẹ sì béèrè bóyá ọlọ́pàá àdúgbò mọ̀ nípa rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí ogun lóòótọ́ rí, kó bá dókítà tàbí olùṣọ́-àgùntàn rẹ̀ sọ̀rọ̀ ná.

Ẹ̀kẹrin: Ṣé mo lè ròyìn rẹ̀ fún aládùúgbò mi tí ogun lé kúrò nílé? Ẹ fojú inú wò ó pé ẹ jókòó pẹ̀lú obìnrin kan láti Iraq, láti Sudan tàbí láti Borno, ẹ ń sọ fún un pé, "Lánàá, mo ṣe bí ìwọ." Bí ojú bá tì yín láti sọ ọ́, ẹ ti rí ìdáhùn yín.

Ẹ̀yin òbí, ní ti àwọn ọmọdé, èmi kò ní ìbéèrè kankan, ọ̀rọ̀ kan ni mo ní: ẹ má mú wọn lọ. Ọmọdé kò tíì mọ ààlà tó wà láàárín ẹkún eré àti ẹkún òótọ́, ojú ọmọ kì í sì í gbàgbé ohun tó bá rí.

ẸNI TÍ OGUN LÉ KÒ JÌNNÀ

Ẹnìkan lè sọ pé, "Ìwọ yìí, ṣé o fẹ́ kí sójà lọ sógun láìkọ́ṣẹ́ ni?" Rárá o. Bí sójà yóò bá wọ ìlú ẹlòmíràn, mo fẹ́ kó kọ́ àánú kó tó débẹ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé kì í ṣe gbogbo ẹ̀kọ́ tí wọ́n bá fi ojú ará ìlú kọ́ ni ẹ̀kọ́ àánú. Ẹni tó yá wọn ní ojú rẹ̀ ní ẹ̀tọ́ láti mọ èyí tí wọ́n fẹ́ fi ṣe.

Ìyọ̀ǹda ara ẹni ẹ̀bùn ni. Ẹni tó ń gba owó lè sọ pé àtijẹ ló fà á. Ẹni tó ń lọ lọ́fẹ̀ẹ́ kò ní àwíjàre yẹn, òun fúnra rẹ̀ ló mú wákàtí rẹ̀ fún wọn. Ẹ wá wò ó: ará ìlú tí ogun lé, tí wọ́n ní kí ẹ lọ fara wé nínú aṣálẹ̀, ó ń gbé ní àdúgbò yín. Ó lè jẹ́ òun ló jókòó sẹ́yìn yín nínú bọ́ọ̀sì láàárọ̀ yìí. Kò mọ bí a ṣe ń kọ fọ́ọ̀mù, kò ní ẹni tí yóò bá a lọ sí ilé ìwòsàn, ọmọ rẹ̀ kò tíì gbọ́ èdè ilé-ìwé. Bí ẹ bá ní ọjọ́ mẹ́ta tí ẹ fẹ́ yọ̀ǹda, ẹ yọ̀ǹda rẹ̀ fún un ná. Kò ní ní kí ẹ sunkún fún òun, ó ti sunkún tó.

Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ẹ béèrè kí ẹ tó lọ. Bí èsì bá sì rú yín lójú, ẹ padà sílé, kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ọlọ́run yóò fún wa ní ọgbọ́n, yóò sì fi àlàáfíà jíǹkí àwọn tí kì í ṣe eré ni tiwọn.